Etí ń dún wíín, inú rẹ̀ sì mọ́ tónítóní: ṣé oríkèé àgbọ̀n ni?

Olóògùn Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣègùn. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a lóhùn ní ṣókí, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń pọ̀ sí i nídìí káńtà.

Ẹni á wọlé, á ní òun fẹ́ oògùn tí wọ́n ń kán sétí. Kí ló ṣe etí? Ó ń dún wíín, ọ̀tún nìkan tàbí òsì nìkan, nígbà mìíràn méjèèjì. Ó máa ń le lóru tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́, ó sì tún máa ń le láàárọ̀ kùtùkùtù. Etí kò ṣomi, kò ṣọyún, kò yún. Tí a bá fi iná wo inú rẹ̀, kò sí ìdọ̀tí, ìlù etí ń dán, kò lu. Àmọ́ tí a bá bi wọ́n díẹ̀ sí i, wọ́n á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro àwọn tí àwọn bá jẹ pọ̀nmọ́, tàbí pé àgbọ̀n ń dún kẹ́ tí àwọn bá yán. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aránṣọ àti àwọn tó ń di adìrẹ ní Ìtòkú, tí wọ́n sọ eyín di àlùmọ́gàjí, tí wọ́n fi ń já òwú láti àárọ̀ dalẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: ṣé lóòótọ́ ni oríkèé àgbọ̀n lè mú etí dún? Báwo ni a ṣe lè fi ọwọ́ àti ojú lásán mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí àìsàn etí gan-an? Kí ni kí á ní kí wọ́n máa ṣe nílé, ta sì ni kí á ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta níbí, lọ́jọ́ náà gan-an? N kò fẹ́ máa ta oògùn ìkánsétí fún ẹni tí etí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Dókítà Eyín

Ẹ kú iṣẹ́, Olóògùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè mú un dún.

Ẹ fi ìka ìtọ́ka síwájú etí yín, níbi tí ẹran kékeré yẹn ti yọ bí ìlẹ̀kùn ihò etí. Ẹ la ẹnu, kí ẹ pa á dé. Ohun tó ń yí lábẹ́ ìka yín ni orí egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Inú kòtò kan lára egungun ẹ̀bátí ló jókòó sí, ògiri tín-ín-rín ló sì pààlà láàárín òun àti ihò etí. Ìrọ̀rí kékeré kan, tó rí bíi kèrékèré, wà láàárín orí egungun náà àti kòtò rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí egungun méjèèjì máa lọ ara wọn. Tí ìrọ̀rí yìí bá sún síwájú kúrò ní àyè rẹ̀, ìgbà tí orí egungun bá fò padà sórí rẹ̀ ni ẹ máa ń gbọ́ kẹ́. Tí kò bá lè fò padà mọ́, kẹ́ á dákẹ́, àmọ́ ẹnu ò ní lè là tán mọ́. Inú àwọn aláìsàn máa ń dùn pé kẹ́ ti lọ. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹnu ṣì ń là bíi ti tẹ́lẹ̀. Kẹ́ tí kò dunni, tí ẹnu sì ń là dáadáa pẹ̀lú rẹ̀, kò nílò ìtọ́jú kankan.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ ṣe kan etí? Okùn ìmọ̀lára kan wà tí à ń pè ní trigeminal, ìkarùn-ún nínú oríṣi 12 tó ń ti ọpọlọ jáde. Òun ló ń gbé ìmọ̀lára ojú, eyín àti oríkèé àgbọ̀n lọ sí ọpọlọ, òun náà ló sì ń pàṣẹ fún àwọn iṣan tí a fi ń jẹun. Ẹ̀ka rẹ̀ tó ń bọ̀ sí àgbọ̀n ló tún ń pàṣẹ fún iṣan bíńtín tó ń fa ìlù etí le, àti fún èyí tó ń ṣí ihò tó so etí mọ́ ọ̀fun. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí iṣan àgbọ̀n rẹ̀ ti le fi máa ń sọ pé etí òun dí, bí ẹni tí ọkọ̀ ń gbé gun òkè, kò sì sí nǹkan kan nínú etí náà. Nínú ọpọlọ, ibùdókọ̀ àkọ́kọ́ tí ìró láti etí ń dúró sí, trigeminal ń kó ìròyìn tirẹ̀ wọ ibẹ̀ pẹ̀lú. Tí ìròyìn tó ń ti àgbọ̀n bọ̀ bá yí padà tàbí tó pọ̀ jù, ibùdókọ̀ yẹn lè máa rán ohùn tí ẹnikẹ́ni kò pariwo rẹ̀ lọ sókè. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n ń pè ní wíín nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1934, dókítà etí kan ní Amẹ́ríkà, James Costen, kọ̀wé nípa àwọn tí eyín ẹ̀yìn wọn ti yọ tán, tí etí wọn ń dún, tó sì ń dí. Èrò rẹ̀ ni pé àgbọ̀n tó ti sún jù ló ń tẹ àwọn nǹkan ìdí etí mọ́lẹ̀. Àwọn tó yẹ egungun ibẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé kì í tẹ̀ wọ́n bó ṣe rò. Mo mẹ́nu bà á torí pé èrò àtijọ́ yẹn ni àwọn kan ṣì fi ń ha eyín aláìsàn tàbí kí wọ́n fi nǹkan gbé e ga, pé etí á dákẹ́. Ẹ má gbà fún wọn. Eyín tí wọ́n bá ti ha kò ní í hù padà.

Àyẹ̀wò tí ẹ lè ṣe nídìí káńtà kò ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Kí ó la ẹnu dé ibi tó lè là á dé, kí ó wá kó ìka mẹ́ta, ìtọ́ka àti méjì tó tẹ̀ lé e, sáàárín eyín iwájú òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí ìka náà dúró lérí ara wọn. Ìka tirẹ̀ ni o, kì í ṣe tiyín. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọlé, ẹnu là dáadáa, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 40. Tí ó bá jẹ́ méjì péré, iṣan tàbí oríkèé ti há. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, kí ẹ wo àárín eyín iwájú ìsàlẹ̀ bó ṣe ń la ẹnu díẹ̀díẹ̀. Tó bá yà sápá kan tó tún padà sáàárín, ìrọ̀rí ló yẹ̀ tó sì bọ́ padà sí àyè. Tó bá yà tí kò padà, apá tó yà sí ni oríkèé ti há.

Ẹ gbé ìka síwájú etí méjèèjì. Kẹ́ yàtọ̀ sí wìrìwìrì bí ẹni ń tẹ yanrìn. Wìrìwìrì túmọ̀ sí pé ojú oríkèé fúnra rẹ̀ ti ń jẹ. Lẹ́yìn èyí, kí ó fún eyín pọ̀. Iṣan kan á yọ gbùn-ún lẹ́rẹ̀kẹ́, òmíràn á yọ lẹ́bàátí. Kí ó tú eyín ká, kí ẹ wá fi ìka kan tẹ ibẹ̀, kí agbára rẹ̀ má ju èyí tí ẹ fi ń wò bóyá píà ti rọ̀. Ẹ má fi “ó dùn ọ́?” nìkan sílẹ̀. Ẹ bi í bóyá ìrora tó ń bá a fínra nìyẹn gan-an. Ẹ tan iná sí ẹnu: eyín tó ti jẹ pẹlẹbẹ, ìlà funfun nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n tí eyín ti tẹ̀ sí wàlàwàlà, gbogbo rẹ̀ ń tọ́ka sí ẹni tó ń payínkeke lójú oorun tàbí tó ń di eyín lójú mọmọ. Bí wíín ṣe ń le láàárọ̀ bá èyí mu.

Ní ìparí, ẹ mú un wọ yàrá ẹ̀yìn níbi tó dákẹ́, kó tẹ́tí sí wíín rẹ̀. Kó fún eyín pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, kó sinmi. Kó ti àgbọ̀n síwájú. Kó tì í sọ́tùn-ún àti sósì nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ yín ń dá a dúró. Kó yí ọrùn. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bi í bóyá ohùn náà lọ sókè, ó rẹlẹ̀, tàbí ó yí dún. Tí ó bá yí padà, tí àgbọ̀n apá ibẹ̀ náà ń dùn ún, tó sì jẹ́ pé ìgbà kan náà ni méjèèjì bẹ̀rẹ̀, àgbọ̀n wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àyẹ̀wò Ìgbọ́ràn

Ẹ ṣeun, Dókítà Eyín, àmọ́ mo fẹ́ fa ibì kan sẹ́yìn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí etí wọn ń dún láìjẹ́ pé àgbọ̀n ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ohùn náà máa ń yí padà tí wọ́n bá fún eyín pọ̀ tàbí tí wọ́n yí ọrùn. Àní ẹni tí ariwo ẹ̀rọ ìlọta ti bá etí rẹ̀ jẹ́ lè ní irú rẹ̀. Ìyípadà ohùn nìkan kò tó dá àgbọ̀n lẹ́bi. Ìrora àgbọ̀n àti àsìkò tó bẹ̀rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù nínú ohun tí ẹ kà yẹn. Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí etí gba ìwádìí tirẹ̀ ná.

Ẹ bi í nípa ariwo. Aránṣọ tó gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, òṣìṣẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ẹni tó ń jókòó ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́jọ́ ìsìn. Tí o bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí ọ tó gbọ́, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìwọ̀n 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 8 lójúmọ́ ni òpin. Tó bá fi 3 lé e, wákàtí 4 péré ni etí lè gbà. Tó bá tún fi 3 lé e, wákàtí 2.

Ẹ bi í nípa oògùn tó lò ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Quinine, oògùn ibà, ń mú etí dún, chloroquine náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Aspirin tó pọ̀ ń mú un dún, ó sì sábà máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá dín in kù. Abẹ́rẹ́ gentamicin àti streptomycin, tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn, yàtọ̀ pátápátá: ohun tí wọ́n bá bà jẹ́ nínú etí kì í sábà padà. Furosemide, oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀, tí wọ́n bá fún ènìyàn púpọ̀ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀, òun náà ń ṣe é. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ sì wo ìpéǹpéjú rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ kò sí lára rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni ẹ bá, òróró ólífì ẹ̀kán 2 sí 3 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 3 sí 5 á rọ̀ ọ́, kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn fọ̀ ọ́ jáde. Omi tútù tàbí èyí tó gbóná jù á mú òòyì kọ́ ọ. Ẹni tí ìlù etí rẹ̀ ti lu tàbí tí etí rẹ̀ ń ṣomi, a kì í da ohunkóhun sí i láìjẹ́ pé dókítà etí wò ó. Ìyẹ́ adìyẹ, igi ìṣáná, kọ́tìnbọ́ọ̀dù, gbogbo wọn ló ń ti ìdọ̀tí wọlé sí i, wọ́n sì ń lu ìlù etí.

Nísinsìnyí, àwọn tí kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú. Ẹni tí etí rẹ̀ kan dédé dí lójijì, láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ mẹ́ta, tí kò gbọ́rọ̀ mọ́, pẹ̀lú wíín tàbí láìsí i: ìyẹn kì í ṣe àgbọ̀n, kì í sì í ṣe òtútù. Ọjọ́ kan náà ni kó dé ọ̀dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Oògùn tí wọ́n ń lò fún un máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ànfààní rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tí ohùn inú etí rẹ̀ ń lù pẹ̀lú ọkàn rẹ̀, kì, kì, kì, òun náà gbọ́dọ̀ lọ. Ẹni tí òòyì ńlá kọ́, ẹni tí ojú rẹ̀ wọ́ sápá kan, tàbí ẹni tó ṣubú fi orí gbálẹ̀ kí wíín tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹni tí ti etí kan ṣoṣo kò lọ, tí etí náà kò sì gbọ́ràn bíi ti ìkejì, kì í ṣe ọjọ́ kan náà, àmọ́ kó má kọjá ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà ní ẹ̀ka etí àti ẹ̀ka eyín, ẹ kọ́kọ́ darí wọn sí ti etí. Wọ́n á fi ẹ̀rọ wọn ìgbọ́ràn láti ohùn tó rẹlẹ̀, 250 hertz, títí dé èyí tó ga, 8,000 hertz, wọ́n á sì fi ìlà ya èsì rẹ̀ sórí bébà. Ariwo máa ń fi àmì sílẹ̀ ní ìtòsí 4,000: ìlà á já wálẹ̀ níbẹ̀, á sì gòkè díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tí ìlà náà bá tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí àgbọ̀n sì ń dùn ún, mo fara mọ́ Dókítà Eyín pátápátá.

Dókítà Eyín

Mo gbà, ìyẹn tọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àgbọ̀n kún àwọn tí kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú. Àgbọ̀n tó ń há díẹ̀díẹ̀ lára ẹni tó ní egbò, tí ọrùn tàbí ikùn rẹ̀ ń le pẹ̀lú, ẹ ronú kan tẹ́tánọ́ọ̀sì, ẹ má ronú kan oríkèé. Àgbọ̀n tó há pẹ̀lú ibà àti wíwú, eyín tó ti kẹ̀ ni. Ẹni tó yán tí ẹnu rẹ̀ kò lè padé mọ́, àgbọ̀n ti yẹ̀, kó lọ kí wọ́n dá a padà. Ìrora àgbọ̀n pẹ̀lú àyà tó ń fún mọ́ni, ọkàn ni. Ẹ̀yin olóògùn mọ èyí jù mí lọ: ẹni tó lo metoclopramide (oògùn èébì) tàbí haloperidol (oògùn àrùn ọpọlọ), tí àgbọ̀n àti ọrùn rẹ̀ wá ń lọ́ láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ mélòó kan, oògùn ló ń ṣe é.

Olóògùn Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Quinine àti metoclopramide yẹn, ìbéèrè tí mo máa kọ́kọ́ béèrè láti òní nìyẹn. Tó bá wá hàn pé àgbọ̀n ni, oògùn wo ni mo lè tà, mélòó? Àwọn kan ń béèrè ike eyín tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń kì bọ omi gbígbóná kí wọ́n tó gé e jẹ. Ṣé ó dára? Oúnjẹ ńkọ́, àti orín tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀?

Oníṣẹ́ Oríkèé

Ẹ jẹ́ kí n gba ti ìṣe ojoojúmọ́ sọ, torí ibẹ̀ ni ìwòsàn púpọ̀ wà, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ìgbà tí a bá ń jẹun tàbí tí a bá ń gbé itọ́ mì nìkan ló yẹ kí eyín òkè kan ti ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń di eyín kò mọ̀ pé àwọn ń dì í. Ẹ kọ́ wọn ní ipò ìsinmi: kí wọ́n sọ “n”, kí wọ́n sì fi ahọ́n sílẹ̀ níbi tó wà yẹn, lẹ́yìn eyín iwájú òkè. Ètè padé, eyín kò padé, èjìká rọ̀. Aránṣọ lè fi bọ́bììnì rán ara rẹ̀ létí. Gbogbo ìgbà tí òwú inú rẹ̀ bá tán tó fẹ́ wé òmíràn, kó yẹ eyín rẹ̀ wò. Kó so àlùmọ́gàjí kékeré mọ́ ọrùn, kí eyín má já òwú mọ́. Kí pín-ìn-nì kúrò láàárín eyín, kó wọ inú tìmùtìmù. Kí fóònù má wà láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èjìká. Kó gbé àga ga tàbí kó gbé tábìlì ẹ̀rọ sókè, kí orí má tẹ̀ bọ ẹ̀rọ fún wákàtí 6, torí iṣan ẹ̀yìn ọrùn tó le ń fa àgbọ̀n, ó sì lè dá wíín le sí i fúnra rẹ̀.

Aṣọ tówẹ̀lì tí a rẹ sínú omi gbígbóná tí a sì fún, kó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀bátí fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó fi ìka méjì wọ́ iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ roboto, láti abẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá sísàlẹ̀, ìṣẹ́jú kan lápá kọ̀ọ̀kan.

Eré ìdárayá àgbọ̀n kò nira. Ahọ́n wà lókè ẹnu, kó la ẹnu kìkì dé ibi tí ahọ́n kò ní í fi òkè ẹnu sílẹ̀, kó pa á dé pẹ̀lẹ́. Ìgbà 6 ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Kó wo dígí bó ti ń ṣe é, kí eyín ìsàlẹ̀ má yà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó fi ìka méjì sábẹ́ àgbọ̀n, kó la ẹnu díẹ̀ nígbà tí ìka ń dá a lọ́nà jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá 5, ìgbà 6. Fún ọrùn, kó fa àgbọ̀n sẹ́yìn bí ẹni tí ẹnìkan fẹ́ tọ́ nímú, ìṣẹ́jú-àáyá 5, ìgbà 10.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bà jẹ́ ni ìwàǹwára. Wọ́n á fi ọwọ́ fa ẹnu ya, tàbí kí wọ́n máa mọ̀ọ́mọ̀ dún kẹ́ láti wò ó bóyá ó ti lọ. Gbogbo kẹ́ tí wọ́n bá fipá dún ń fa okùn ìrọ̀rí yẹn gùn sí i. Tí ìrora bá wà lára wọn ju ìdajì wákàtí lọ lẹ́yìn eré náà, wọ́n ti ṣe é jù, kí wọ́n dín in sí ìdajì. Tí wọ́n bá fẹ́ yán, kí wọ́n fi ìkúùkù ti abẹ́ àgbọ̀n.

Dókítà Eyín

Oúnjẹ kọ́kọ́. Ilé Ẹ̀gbá ni a wà, láfún àti ewédú kò jìnnà sí wa, oúnjẹ àgbọ̀n tó ń sinmi nìyẹn gan-an. Ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tó jinná dáadáa, ẹja, ẹran lílọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ 2, kókoró, àgbàdo sísun, ìrèké, eegun, pọ̀nmọ́ tó le, obì, orógbó àti ṣingọ́ọ̀mù, kí wọ́n fi sílẹ̀. Obì ló máa ń ṣòro jù, torí ẹni tó ń jẹ ẹ́ kì í kà á mọ́ oúnjẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà ló sì máa ń fi í sí. Orín náà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rọ́pò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6, tàbí kí wọ́n rẹ orí orín náà sómi lóru, kí wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ títí tó fi tú, kí wọ́n wá fi í fọ eyín láìjẹ ẹ́.

Oògùn: ibuprofen mílígíráàmù 400, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ọjọ́ 5 sí 7, kó má kọjá 1,200 lójúmọ́. Ẹ kò ní í tà á fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ní àìsàn, aboyún, tàbí ẹni tí aspirin ń dá ikọ́ fée (asthma) sí lára. Ẹni tó ń lo lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pẹ̀lú oògùn ìtọ̀, ẹ fún un ní paracetamol, kó má ju gíráàmù 4 lọ lójúmọ́. Ìbátan aspirin ni ibuprofen, nítorí náà tí wíín bá le sí i lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó dá a dúró. Ní ti ginkgo, melatonin àti zinc tí wọ́n ń polówó fún etí, ìlànà tí àwọn dókítà etí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2014 ní kí a má fi tọ́jú wíín. Kí aláìsàn fi owó yẹn wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdí-Àbà.

Ike orí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi kò fẹ́ ẹ fún èyí. Eré ìdárayá bíi ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ó rọ̀, àwọn kan á sì máa rún un bíi ṣingọ́ọ̀mù ní gbogbo òru, àgbọ̀n á wá rẹ̀ wọ́n ju ti àná lọ. Èyí tó bo eyín iwájú nìkan ló burú jù: eyín ẹ̀yìn tí kò rí alábàápàdé á máa hù jáde díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, eyín iwájú kò ní í pàdé mọ́ tí wọ́n bá yọ ike.

Èyí tó yẹ, dókítà eyín á fi nǹkan rírọ̀ gba ẹ̀dà eyín òkè àti ìsàlẹ̀. Wọ́n á fi ike líle ṣe é, á bo gbogbo eyín òkè tàbí gbogbo ti ìsàlẹ̀, kò ní í nípọn ju mílímítà 2 sí 3 lọ níbi eyín ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e sí i lẹ́nu, wọ́n á fi bébà aláwọ̀ búlúù sáàárín, á ní kó kan eyín mọ́ra tọ́-tọ́-tọ́. Àmì búlúù náà gbọ́dọ̀ wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì bákan náà. Tó bá jẹ́ apá kan ló pọ̀ sí, wọ́n gbọ́dọ̀ ha ike (ike ni o, kì í ṣe eyín) títí tí méjèèjì á fi dọ́gba. Aláìsàn tí wọn kò bá fi bébà yìí yẹ̀ wò, kó béèrè rẹ̀. Òru nìkan ni kó máa lò ó. Kó padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1 sí 2, torí bí iṣan bá ti ń rọ̀ ni àgbọ̀n ń sún, ike tó bá a mu lánàá lè má bá a mu mọ́. Omi tútù àti ọṣẹ ni kó fi máa fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná á lọ́ ọ, kò sì ní í wọlé mọ́. Itọ́ tó ń dà fún òru mélòó kan kò burú. Tó bá jẹ́ pé láràárọ̀ ni eyín rẹ̀ kì í padé bíi tàtẹ̀yìnwá, tó sì ju ìdajì wákàtí lọ kó tó padé, kó má lo ike náà mọ́ títí tí wọ́n á fi tún un ṣe.

Mo fẹ́ kí ẹ sọ òótọ́ fún wọn nípa àkókò. Ìrora àgbọ̀n máa ń rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 6. Wíín ń lọ́ra ju ìyẹn lọ, ẹ fún un ní oṣù 3. Tàwọn kan á dákẹ́, tàwọn kan á dín kù débi tí wọn kò fi ní í ka ohun tó ṣẹ́ kù sí mọ́, tàwọn kan kò ní í yí padà bí àgbọ̀n tilẹ̀ ti san. Ẹni tí a kò bá sọ èyí fún, ọ̀sẹ̀ kejì ló ti máa ju ohun gbogbo nù.

Àyẹ̀wò Ìgbọ́ràn

Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, kí wọ́n má sun inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wíín fi ń ráyè. Fáànù, tàbí rédíò tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí wíín fúnra rẹ̀, kó má bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, torí ọpọlọ gbọ́dọ̀ máa gbọ́ méjèèjì kó tó lè kọ́ láti má ka wíín sí. Tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ìgbọ́ràn ti dín kù, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn máa ń ran wíín náà lọ́wọ́.

Olóògùn Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ kú làálàá. Ìkan ló kù: ìwé tí mo máa fi rán wọn lọ, kí ni kí n kọ sínú rẹ̀ tí wọn kò fi ní í tún máa bi wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀?

Àyẹ̀wò Ìgbọ́ràn

Bébà kan tó. Etí wo ni, láti ìgbà wo, ṣé ó ń dún ṣáá ni tàbí ó ń lọ ó ń bọ̀, ṣé ó ń lù pẹ̀lú ọkàn. Ohun tí ẹ rí nígbà tí ẹ fi iná wò ó. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìka mélòó wọ ẹnu rẹ̀, apá wo ni àgbọ̀n yà sí, kẹ́ tàbí wìrìwìrì. Èwo nínú fífún eyín pọ̀, títi àgbọ̀n àti yíyí ọrùn ló yí ohùn náà padà, ṣé ó gbé e sókè tàbí ó mú un wálẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe àti ariwo ibẹ̀. Orúkọ oògùn ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ “oògùn ibà”, kó sì kó gbogbo páálí wọn dání. Ẹ sọ fún un kó má dé ibi ariwo ńlá fún wákàtí 14 ṣáájú àyẹ̀wò náà. Tó bá jẹ́ àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ rí i, kó má lọ jókòó ti gbohùngbohùn ní òde àríyá lálẹ́ Sọ́ńdè, torí etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ariwo á fi àìgbọ́ràn tí kì í ṣe tirẹ̀ hàn.